Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Mísì: Ẹ Mọ Sìlíńdà Tó Kú Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá onímọ́tò, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ kóra jọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀, torí ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń mísì ni, ìyẹn èyí tí ọ̀kan nínú àwọn sìlíńdà rẹ̀, ihò tí epo ti ń jó, kì í gbaná déédéé, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà: Camry Orobo, Corolla àtijọ́, Mazda 323, Golf, àti Píjótì 504 tí àwọn bàbá wa kan kò tíì fi sílẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ fẹnu kò sí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má ra pátì kankan kí ó tó mọ sìlíńdà tó kú àti ohun tó pa á. Owó tó ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Abẹ́òkúta ń dùn mí dọ́kàn. Ọkọ̀ awakọ̀ kan á máa mísì, wọ́n á ní kó lọ ra pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ó rà á, ọkọ̀ ṣì ń mísì. Wọ́n á ní kọ́ìlì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná ni. Ó ra kọ́ìlì. Wọ́n á ní nọ́súlù tó ń fọ́n epo ni, wọ́n á ní pọ́ǹpù epo ni, nígbà tó bá yá wọ́n á ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni. Owó oúnjẹ ilé á ti wọnú ẹ́ńjìnnì tán, bẹ́ẹ̀ họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan tó ya lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ará Jámánì kan, Nikolaus Otto, ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí jáde lọ́dún 1876, ìlànà rẹ̀ kò sì yí padà títí dòní. Písítìnì á sọ̀kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Á gòkè, á fún wọn pọ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì á tanná, iná yẹn á ti písítìnì sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára ọkọ̀ ti ń wá. Písítìnì á tún gòkè, á lé èéfín jáde. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 800 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbaná nígbà 400 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn tó ń yí ní 3,000, ìgbà 25 ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí kò bá gbaná nínú wọn la ń pè ní mísì. Sìlíńdà mẹ́rin dà bí ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ẹrù wúwo: tí ọ̀kan bá yọ èjìká, àwọn mẹ́ta tó kù á ṣì gbé e, ṣùgbọ́n wọ́n á máa fì sọ́tùn-ún, fì sósì, wọ́n á sì tún máa wọ́ ẹni tó yọ èjìká náà tẹ̀lé ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n, tí kò lágbára, tó tún ń jẹ epo ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun mẹ́ta ni sìlíńdà ń fẹ́ kó tó lè gbaná: iná tó lágbára tó sì bọ́ sákòókò, epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó yẹ, àti kí ó lè fún wọn pọ̀ láìsí ibi tó ń jò. Kò sí ìkẹrin. Gbogbo pátì tí wọ́n bá ní kí ẹ rà, ẹ bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́ta yìí ló ń ṣiṣẹ́ fún, kí ni wọ́n sì rí tó fi hàn pé òun ló ṣàìsí. Ẹni tó bá yẹ̀ wò á ní èsì fún yín.

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń wa ọkọ̀ lẹ́nu wò. Ìgbà wo ló ń mísì? Tó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ẹ́ńjìnnì, wáyà pọ́lọ́ọ̀gì àti ìdérí dìsìtíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí kọ́ìlì: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé sínú rẹ̀ lè yà tí ooru bá mú un, kó tún fara kanra tó bá tutù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá ara rẹ̀ láre tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Tó bá jẹ́ pé gbàrà tí wọ́n ra epo níbì kan ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kí ojú yín lọ.

Orí òkè ńkọ́? Abẹ́òkúta fún wa ní ohun tí mẹkáníìkì ìlú títẹ́jú kò ní. Àárín àpáta ni a tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1830, ọ̀nà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ kan lè máa lọ geere lójú ọ̀nà Ṣágámù, kí ó wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gun òkè lọ sí apá Olúmọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí ó máa ta bí ẹṣin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn. Kì í ṣe òkè ló bà á jẹ́. Tí ẹ bá tẹ tọ́tù, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, lórí òkè, afẹ́fẹ́ tó ń wọ sìlíńdà á pọ̀ sí i, á sì fún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ṣe fún pọ̀ tó ni iná pọ́lọ́ọ̀gì ṣe máa nílò agbára tó kó tó lè fò kọjá. Iná tó ń gba inú wáyà pọ́lọ́ọ̀gì lè ju 20,000 fóólítì lọ, tí ọ̀nà tó yẹ kó gbà bá sì le fún un, á wá ọ̀nà mìíràn: ojú ibi tí wáyà ti sán, ẹ̀gbẹ́ tánganran pọ́lọ́ọ̀gì, inú rọ́bà tó ti gbó. Torí náà, ọkọ̀ tó dára ní títẹ́jú, tó ń mísì lórí òkè, iná tí kò lágbára tàbí epo tí kò tó ló sábà máa ń ṣe é. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró, tó sì gún régé tó bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé ló sábà máa ń fà á. Ìyàtọ̀ yìí nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ìnákúnàá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká mọ sìlíńdà tó kú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa yọ orí wáyà nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà kí ẹ tó kan èkejì. Èyí tí ẹ yọ tí ẹ́ńjìnnì rọ sílẹ̀, tó fẹ́ kú, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ yọ tí ohunkóhun kò yí padà, òkú ọ̀hún nìyẹn. Mo mọ̀ pé wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ni ọ̀pọ̀ yín ń fà yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀ tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà. Iná yẹn lè gbé ènìyàn ṣubú, tí kò bá sì rí ibi jáde, ó lè jó kọ́ìlì àti ohun tó ń darí rẹ̀. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ tí kò ní nọ́súlù ńkọ́? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kan, ẹ so orí rẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì dáadáa kí iná lè rí ilẹ̀ bọ́ sí, kí ẹ tó tún un tan.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ṣe láti 1996 síwájú, ní ihò onípíìnì 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún síkáànà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kóòdù P0300 túmọ̀ sí pé mísì ń bọ́ láti sìlíńdà kan sí òmíràn. P0301 ni sìlíńdà kìíní, P0302 ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa o: síkáànà ń sọ sìlíńdà tó kú, kò sọ ohun tó pa á. Ẹni tó bá rí P0303, tó ní kí ẹ lọ ra kọ́ìlì lójú ẹsẹ̀, kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka sìlíńdà yàtọ̀. Toyota, Nissan àti Honda ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́lítì wà, Píjótì ń ka tirẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ jíà. Ẹni tí kò mọ èyí á yọ pọ́lọ́ọ̀gì sìlíńdà tó lálàáfíà sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ sìlíńdà náà, ẹ duro kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn. Kò sí ìwé tó sọ òtítọ́ bí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ àwọ̀ eérú tó fẹ́ dà bí búráùn, tó gbẹ, sìlíńdà yẹn ń jẹun dáadáa. Tó bá dúdú, tó gbẹ, tó ń fi èédú sí yín lọ́wọ́, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá tutù, tó ń rùn pẹtiróòlù, epo ń dé ibẹ̀, iná ni kò sí. Tó bá ní òróró dúdú lẹ́nu, ríìngì ara písítìnì tàbí síìlì fáfù, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì fún afẹ́fẹ́ àti èéfín, ti ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ wọlé. Tó bá funfun, tí ẹnu rẹ̀ sì ti ń yọ́, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, tàbí kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo tánganran funfun rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rìn láti òkè dé ibi irin, bí ẹni fi lẹ́ẹ̀dì fà á, ojú ọ̀nà tí iná ń gbà sá lọ nìyẹn. Pọ́lọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe, rọ́bà tó bò ó mọ́lẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kúrò, torí irú ìlà yẹn á wà nínú rọ́bà náà, á sì ba tuntun jẹ́.

Ní báyìí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí pọ́lọ́ọ̀gì ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda àtijọ́, ẹ máa bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú ihò yẹn, tó mu rọ́bà kọ́ìlì gbingbin, tó sọ ọ́ di wúruwùru. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáfù ló ti gan. Tí ẹ bá ra kọ́ìlì tuntun sórí ọ́ìlì yẹn, òun náà kò ní pẹ́ kú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà róbótó tó yí ihò pọ́lọ́ọ̀gì ká, ẹ nu ihò gbẹ, kí ẹ tó dá ohunkóhun padà.

Fún kọ́ìlì fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù kò gba kọ́bọ̀. Tí síkáànà bá ní sìlíńdà kẹta ni, ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ lọ sí orí ìkínní, kí ẹ gbé ti ìkínní wá sí ìkẹta. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ gun òkè kan. Tí P0303 bá di P0301, kọ́ìlì náà ti jẹ́wọ́. Tó bá dúró sí ìkẹta, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pọ́lọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà nọ́súlù. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ kọ́ìlì méjì ló ń sin sìlíńdà mẹ́rin, ìkínní àti ìkẹrin jọ ń lo ọ̀kan, ìkejì àti ìkẹta jọ ń lo èkejì. Tí ìkínní àti ìkẹrin bá kú pọ̀, ẹ ò nílò kí wọ́n sọ fún yín.

Wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, alẹ́ ni ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọ́n omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwọn wáyà náà pẹ̀lú ike ìfọ́nmi, láìfọwọ́ kàn wọ́n. Tó bá ti sán, ẹ máa rí iná búlúù tín-ínrín tó ń fò láti ara wáyà sí ara irin, ẹ sì máa gbọ́ bó ṣe ń ta ṣáṣáṣá. Ẹni tó ní mítà lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: Toyota ní kí wáyà kan má ju 25,000 óòmù, ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná, lọ.

Fún ẹ̀yin oní 504, kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń padé nínú dìsìtíríbútọ̀, ló ń yọ yín lẹ́nu jù. Nǹkan bí 0.4 mílímítà ni àlàfo rẹ̀. Tó bá ti jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́ńsà pọ̀ mọ́ ọn, torí kọ̀ǹdẹ́ńsà tó ti rẹ̀ ló ń jó kọ́ńtáàtì kíákíá.

Ti afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé kò gùn. Ẹ tẹ́tí sí ohùn tó ń ṣe ṣììì ní àyíká ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá abẹ́ wọn tí ojú kì í rí. Àwọn kan máa ń da pẹtiróòlù síbẹ̀ láti mọ ibi tó ń jò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná ni, iná sì wà níbẹ̀. Omi ọṣẹ tó. Tí omi bá bọ́ sí ibi tó ya, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà lójú ẹsẹ̀.

Epo ńkọ́? Ẹ fi ṣúkúdíráífà gígùn kan lé ara nọ́súlù, kí ẹ fi etí sí ìdí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ máa dún tí-tí-tí, kí ohùn gbogbo wọn sì bá ara mu. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, 12 sí 16 óòmù ló yẹ kó jẹ́. Tí gbogbo sìlíńdà bá ń mísì pọ̀, ẹ kúrò lórí nọ́súlù kan, kí ẹ wo fíltà epo, pọ́ǹpù, àti epo fúnra rẹ̀. Ẹ ò gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Mẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa omi mọ́ra, kì í sì í ní agbára tó pẹtiróòlù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣètò fún pẹtiróòlù á máa rí afẹ́fẹ́ jù epo lọ. Ẹlòmíràn pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ àgbá epo ló yẹ kó fà gbẹ. Àṣà kí á máa wa ọkọ̀ lórí epo díẹ̀ náà kò dára, torí epo inú àgbá ló ń mú pọ́ǹpù tutù.

Tí iná bá wà, tí epo bá wà, tí sìlíńdà náà ṣì kú, ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀nù, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ gé iná kọ́ìlì àti ti pọ́ǹpù epo, ẹ tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, kí ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì títí géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Èyí tó dára sábà máa ń wà láàrin 150 sí 180 psi, ṣùgbọ́n kí wọ́n bára dọ́gba ló ṣe pàtàkì jù: kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí èyí tó ga jù. Tí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ni, torí ọ́ìlì ti dí ibi tó ń jò. Tí kò bá mira, fáfù ni, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá kéré pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàrin wọn. Tí omi rádíétọ̀ ń dínkù láìjò sílẹ̀, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú èéfín funfun, omi ti ń yọ́ wọ sìlíńdà lóru. Ẹ má tú tọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún fáfù kí ẹ tó wo àlàfo rẹ̀: fáfù tó há jù kì í lè pa ẹnu dé, àtúnṣe rẹ̀ sì lè jẹ́ iṣẹ́ wákàtí díẹ̀.

Ó ku ti pọ́lọ́ọ̀gì ayédèrú. Ẹni tó bá ń ta pọ́lọ́ọ̀gì iridium, èyí tí irin ọ̀wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀, fún yín ní iye tí wọ́n ń ta ti lásán, irin lásán ló ń tà fún yín. Ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fi sí i, 1.1 mílímítà ni ti Camry 2.2 ti àwọn ọdún 1990. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó fi sípánà kàn án.

Ọmọṣẹ́ kan béèrè bóyá ó dára láti fi sáńdípépà họ pọ́lọ́ọ̀gì. Ọmọ mi, o ṣeun. Ti lásán, búrọ́ọ̀ṣì irin lè mú un dé ọ̀la. Iridium, má fọwọ́ kàn án, ẹnu rẹ̀ tín-ínrín, á kán. Èédú tó bò ó sì máa padà wá tí o kò bá wá ohun tó mú epo pọ̀ jù.

Bàbá kan tó ti ṣe ọkọ̀ rẹ̀ sí gáàsì CNG ní ó ń mísì lórí gáàsì, kò mísì lórí epo. Bàbá, láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni èyí ti ń pọ̀ sí i. Gáàsì ń fẹ́ iná tó lágbára ju ti pẹtiróòlù lọ, kọ́ìlì tàbí pọ́lọ́ọ̀gì tó ti rẹ̀ á sì kọ́kọ́ jáwọ́ lórí gáàsì. Pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni kí wọ́n wò, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ gáàsì náà.

Ìyá kan ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn: tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mísì ní Lafẹ́ńwá, ṣé òun lè wà á délé ní Ọbáńtókò? Ìyá mi, ẹ wo iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Epo tí kò jó ń lọ jó nínú kátálíìsì, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú ọ̀nà ìjáde rẹ̀, ó lè yọ́ ọ láàrin ìrìn kékeré, ó sì tún ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ó yọ orí wáyà nọ́súlù sìlíńdà tó kú náà, kí epo má baà dà síbẹ̀ lásán, kí ẹ rọra máa lọ láìtẹ tọ́tù jù, kó sì jẹ́ ọ̀nà tó kúrú nìkan, torí kọ̀ǹpútà lè ṣi afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ mú, kí ó máa bu epo kún tàwọn yòókù. Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ fa igi ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn pẹtiróòlù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́jọ́ náà gan-an.